Bí ẹ ṣe lè fi òtútù Antarctica han ọmọ l'Ábẹ́òkúta

Ẹ rẹ ẹ̀wù kan sómi lálẹ́, kí ẹ tẹ́ ẹ sínú fírísà. Ẹ má ká a o; mo ká tèmi lọ́jọ́ kìíní, ló bá di òkúta. Bí iná ò bá sí, ẹ bẹ ìyá tó ń ta áìsì bùlọ́ọ̀kù ní Kútò.

Láàárọ̀, ẹ ní kí ọmọ wọ̀ ọ́. Gbagidi bíi pákó! Ìgbà yẹn ni kí ẹ sọ ti Cherry-Garrard, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó rìnrìn àjò lọ sí Antarctica, ilẹ̀ yìnyín ní ìsàlẹ̀ ayé, fún un: ní 1911, ó jáde nínú àgọ́, ó gbójú sókè, aṣọ gan mọ́ ọn lára, kò lè tẹrí ba mọ́. Òtútù náà lọ sísàlẹ̀ òdo ju ìwọ̀n 60 Celsius lọ. Ìjì tún gbé àgọ́ wọn lọ. Nítorí ẹyin ẹyẹ pẹ́ńgúìnì ni wọ́n ṣe rìnrìn àjò yẹn o! Mẹ́ta péré ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Wilson àti Bowers, gbé padà dé ibùdó wọn.