Ẹ jókòó ti alága kí ọjọ́ ìdána tó pé

Mo wà níbi ìdána kan ní Akúrẹ́ tí alága ti ń ki ìyàwó ní oríkì ará ibòmíì. Ọmọ Oǹdó Èkìmọ̀gùn sì ni ìyàwó. Bàbá rẹ̀ kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń yí fìlà rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì lórí itan. Mi ò dá alága lẹ́bi o. Kò sẹ́ni tó bá a jókòó ṣáájú.

Alága méjì lẹ máa wá: alága ìjókòó fún ilé ìyàwó, alága ìdúró fún ilé ọkọ. Ẹ má fi fídíò Facebook yàn wọ́n. Ẹ lọ wò wọ́n lẹ́nu iṣẹ́ ní Sátidé kan. Èyí tó bá gbé máìkì fún àgbàlagbà tí kò sì já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu ni kí ẹ mú.

Ti kánọ́pì, oúnjẹ àti aṣọ ẹbí, ẹ ti mọ ìyẹn. Ìwé tí ilé ìyàwó bá kọ lẹ máa fi ra ẹrù: orógbó, obì àbàtà, ataare, oyin, iyọ̀, iṣu 42 ní ọ̀pọ̀ ilé. Ọjà Ọba ni èmi ti ń rà á, láàárọ̀ kùtùkùtù. Ẹ má háyà agbọ̀n aláràbarà. Apẹ̀rẹ̀ lásán àti aṣọ òkè tó wà nísàlẹ̀ àpótí màmá yín ti tó.

Ìjókòó pẹ̀lú àwọn alága gan-an ni wọ́n máa ń bà jẹ́. Ẹ ṣe é ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kó má jẹ́ lórí fóònù. Kí ọkọ àti ìyàwó wà níbẹ̀, kí agbẹnusọ kan sì ti ilé kọ̀ọ̀kan wá, torí ohun tí àwọn ọmọ bá dá fọwọ́ sí, àǹtí kan á dìde lọ́jọ́ náà, á tú u ká.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí orúkọ. Kí alága pè é sókè létí yín. Oríkì ńkọ́? Ẹ má lọ wá a sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ gbé fóònù síwájú ìyá àgbà, kó ki ilé yín tẹ́rùn, kí ẹ fi ohùn náà ránṣẹ́ sí alága. Bó bá jẹ́ ẹnu Oǹdó ni ìyá fi kì í, kó rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ sọ àwọn tó ti kú fún un. Alága kan ń pariwo lójú mi pé, "Ìyá ọkọ dà? Ẹ wá jó o!" Ìyá ọkọ ti kú láti èṣí. Ìlù dákẹ́. Ọmọkùnrin náà ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀.

Ó ku owó. Owó ìkanlẹ̀kùn, owó lẹ́tà, owó ìyàwó ilé, owó ìṣíbojú: ẹ kọ iye kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí alága méjèèjì fọwọ́ sí i. Ẹ bi wọ́n bóyá owó iṣẹ́ wọn wà nínú rẹ̀ tàbí ó dá dúró. Àìsọ èyí ló ń sọ ìdána wákàtí méjì di mẹ́rin. Ẹ di owó kọ̀ọ̀kan sínú àpòòwé tirẹ̀, kí ẹnì kan ṣoṣo tí kì í bẹ̀rù alága mú un lọ́wọ́. Ẹ dúnàádúrà ìdọ̀bálẹ̀ náà. Èmi kì í gbà ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ, àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ náà lórúnkún.

Kí ọkọ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà. Èyí tí wọ́n ń tẹ̀ tà kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Kí àbúrò ìyàwó tó máa kà á ti kà á tó ẹ̀ẹ̀mẹta nílé. Bíbélì ni ìyàwó máa mú nínú ẹrù ni, àbí Kùránì? Alága gbọ́dọ̀ mọ̀, torí ìdílé kan lè ní méjèèjì lọ́dọ̀ wa.

Alága kò lè fún yín ní ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó ti ìjọba o. Ti kọ́ọ̀tù yẹn, ẹ lọ fi orúkọ sílẹ̀: ọjọ́ 21 gbọ́dọ̀ pé lórí ìkéde náà, bí oṣù 3 bá sì kọjá láìṣe ìgbéyàwó, ẹ máa tún un fi sílẹ̀ ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ fún alága ní gbogbo àdéhùn yìí lórí bébà líle kan. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà, torí bí oòrùn bá mú, kò sẹ́ni tó ń rí ojú fóònù kà lábẹ́ kánọ́pì.