Bí takotsubo bá tún padà dé: àṣìṣe tí mo ń rí ní wọ́ọ̀dù ọkàn

Nọ́ọ̀sì ọkàn ni mí. Inú ti ń bí mi tipẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ẹni tí takotsubo ti ṣe rí ni mò ń bá wí, àti àwọn ará ilé rẹ̀: àìsàn tó ń sọ iṣan ọkàn di aláìlágbára lójijì, nígbà mìíràn lẹ́yìn wàhálà ńlá. Ẹ ti mọ̀ pé láti ọdún 1990 ni wọ́n ti ń fi orúkọ ìkòkò tí àwọn apẹja Japan fi ń mú octopus pe àìsàn yìí, torí pé ìdí ọkàn máa ń wú, ọrùn rẹ̀ á sì fún.

1. Ẹ má dá oògùn dúró torí pé echo (àwòrán ọkàn tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ yà) ti dára. Dókítà ni kó dá a dúró.

2. Ẹ má náwó sórí àgbo "afọkànbalẹ̀" tí wọ́n ń polówó lórí WhatsApp. Kò tíì sí oògùn tí ẹ̀rí fi hàn dájú pé ó ń dènà àpadàbọ̀. Beta-blocker gan-an, oògùn tó ń mú kí ọkàn rọra lù, àwọn kan ń lò ó déédéé, àìsàn náà sì tún kọlù wọ́n.

3. Èyí ló ń dùn mí jù. Àyà tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, wọ́n jókòó sílé. "Mo mọ̀ ọ́n, ti ìjọsí náà ni." Ta ló sọ fún yín? Àwa tí a ní ẹ̀rọ gan-an ò lè fi ojú lásán mọ̀ ọ́n. ECG (àyẹ̀wò bí iná ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́) ti takotsubo lè jọ ti heart attack, troponin, ohun tó ń jáde sínú ẹ̀jẹ̀ bí iṣan ọkàn bá ṣèṣe, ń ga nínú méjèèjì. Àfi tí a bá wo òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọkàn kí a tó mọ̀ bóyá ó dí. Màmá kan fi orí ti àga láti alẹ́ Jímọ̀ títí di ọ̀sán Sunday, ọkọ wọn ń fún wọn ní oògùn tó ṣẹ́ kù nígbà àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n gbé wọn dé, omi ti kún ẹ̀dọ̀fóró. Òpó kan ti dí pátápátá. Heart attack ni lọ́tẹ̀ yìí. Iṣan ọkàn tí takotsubo bá sọ di aláìlágbára sábà máa ń padà bọ̀ sípò láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n èyí tí heart attack bá pa ti kú nìyẹn. Èmi náà jẹ̀bi. Èmi ni mo sọ fún wọn nígbà tí wọ́n ń lọ sílé lákọ̀ọ́kọ́ pé "ó máa ń lọ fúnra rẹ̀, Mà." Ọ̀rọ̀ mi ni wọ́n dì mú. Mi ò tún sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń fi ikú ẹbí pamọ́ fún ìyá yín kí ìbànújẹ́ má bàa dá takotsubo padà ńkọ́? Wọ́n fi ikú àbúrò pamọ́ fún màmá kan fún oṣù mẹ́ta, inhaler asthma wọn sì ti tán, ẹnikẹ́ni ò ra òmíràn. Asthma ló gbé wọn padà wá, kì í ṣe ìbànújẹ́. Nínú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn 1,750 tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2015, wàhálà ara bí àìsàn àti iṣẹ́ abẹ ló ṣokùnfà púpọ̀ ju wàhálà èrò ọkàn bí ìbànújẹ́ lọ, ohun tó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin wọn ò sì ní okùnfà kankan tí a rí. Ohun tó fa ti àkọ́kọ́ lè má jẹ́ òun ló máa fa ìkejì. Ẹ sọ òótọ́ fún wọn, kí ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ sì ra inhaler.

Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín, ẹ sọ fún dókítà tó ń fún yín lóògùn oorun pé ẹ ti ní takotsubo rí. Ìwé tí wọ́n fún yín nígbà tí ẹ ń lọ sílé àti ECG àtijọ́, inú báàgì ọwọ́ ni kí wọ́n wà, kì í ṣe inú àpótí.