Bí Mo Ṣe Yọ Sheath Kúrò Nínú Iṣan Itan Lẹ́yìn Ìtọ́jú Ọkàn

Ọrùn ọwọ́ ni àwọn dókítà sábà máa ń gbà dé inú ọkàn báyìí, ṣùgbọ́n iṣan ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ bàbá tí mo tọ́jú yìí tín-ínrín jù, nítorí náà itan ọ̀tún ni wọ́n gbà. Nígbà tí wọ́n gbé wọn dé wọ́ọ̀dù, sheath, ìyẹn ọ̀pá oníke tí wọ́n ki wáyà gbà, ṣì wà nínú iṣan náà. Oní-6 French ni, tí ihò inú rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 2, èmi sì ni nọ́ọ̀sì tí ó máa yọ ọ́.

N kò fọwọ́ kàn án lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ti fún bàbá ní heparin kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì lásìkò iṣẹ́ náà, oògùn yìí kì í sì í tètè kúrò lára. Mo fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ fún àyẹ̀wò ACT, tí ó ń sọ iye ìṣẹ́jú-àáyá tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dì; ó ṣì ga. Àwọn ọmọ wọn ń bèèrè ohun tí a ń dúró dè, mo sì ṣàlàyé fún wọn pé ìdúró yẹn gan-an ni ààbò bàbá. Ìgbà tí ó wálẹ̀ kọjá 180, tí í ṣe òdiwọ̀n tí à ń lò, ni mo tó múra.

Mo ní kí bàbá kọ́kọ́ tọ̀, nítorí wọn kò ní lè dìde fún wákàtí mélòó kan. Mo rí i pé dírípù ń lọ geere, mo gbé atropine, oògùn tí ń mú kí ìlù ọkàn tó falẹ̀ yára sí i, sí ìtòsí, mo wá ibi tí iṣan ti ń lù lórí ẹsẹ̀ àti lẹ́yìn kókósẹ̀, mo sì fi bírò sàmì síbẹ̀.

Ibi tí ó ṣe pàtàkì jù ni ibi tí ìka máa wà. Abẹ́rẹ́ a máa dagun wọlé, nítorí náà ihò ara iṣan ga ju ihò awọ tí à ń rí lọ, ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì. Òkè yẹn ni mo tẹ̀, níbi tí mo ti ń gbọ́ bí iṣan ṣe ń lù, tí egungun sì wà lábẹ́ rẹ̀. “Bàbá, ẹ rọra mí síta.” Mo fà á jáde, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, mo sì tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣinṣin. Mo ti sọ ibùsùn kalẹ̀ kí apá mi lè nà gbọọrọ, kí ó jẹ́ ìwúwo ara mi ni ó ń ṣiṣẹ́.

Kò pẹ́ ni bàbá bẹ̀rẹ̀ sí yán, òógùn bo iwájú orí wọn. “Ọmọ mi, òòyì ń kọ́ mi.” Ìlù ọkàn wọn ti lọ sílẹ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn náà sì já wálẹ̀. N kò gbé ọwọ́ kúrò. Mo kàn dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹnìkejì mi gbé ẹsẹ̀ òsì wọn sókè, ó sì ṣí dírípù gbaragada. Ara wọn balẹ̀ láìjẹ́ pé a lo atropine.

Ogún ìṣẹ́jú ni mo fi tẹ̀ ẹ́, mo ń dín agbára rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀, n kò sì ṣí gọ́ọ̀sì yọjú wo abẹ́ rẹ̀ rárá, nítorí yíyọjú bẹ́ẹ̀ lè tú ẹ̀jẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì. Ẹsẹ̀ wọn gbóná, iṣan ń lù níbi àmì bírò, awọ ibẹ̀ sì rọ̀. Mo lẹ plásítà tí a lè rí ara látinú rẹ̀, mo sì ní kí wọ́n na ẹsẹ̀ ọ̀tún, kí wọ́n má gbé orí ga ju dígírì 30 lọ, kí wọ́n sì fọwọ́ tẹ ibẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ wúkọ́.

Mo ń yẹ̀ wọ́n wò ní ìṣẹ́jú 15, 15 fún wákàtí kan, lẹ́yìn náà ní ìṣẹ́jú 30, 30. Nígbà tí mo ń fa iṣẹ́ lé nọ́ọ̀sì alẹ́ lọ́wọ́, mo tẹnu mọ́ ọn pé bí bàbá bá ní ẹ̀yìn tàbí ìhà ń dun àwọn, kí ó má kàn fún wọn ní oògùn ìrora. Kí ó wo ìfúnpá wọn, kí ó sì pe dókítà, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè máa dà sẹ́yìn ikùn nígbà tí plásítà ṣì mọ́ tónítóní.