Bí mo ṣe kọ́ láti fara balẹ̀ nínú họ́kì orí yìnyín (ìrírí mi)

Aago 10:45 alẹ́ la bẹ̀rẹ̀ géèmù yẹn, oṣù kọkànlá ni, ní Calgary ní Kánádà níbí. Àwọn ọmọdé ló máa ń kọ́kọ́ gba pápá yìnyín láti ìrọ̀lẹ́, aago tó bá ṣẹ́ kù ni wọ́n máa ń fún àwa àgbàlagbà tá à ń gbá họ́kì fún ìgbádùn, torí náà tí àwọn ará ilé bá ti ń sùn làwa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ síkéètì, bàtà onírin tí wọ́n fi ń sáré lórí yìnyín. Góòlù 2 sí 2 la wà, ó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́rin. Difẹ́ńdà apá òsì ni mí. Wọ́n ta pọ́ọ̀kì, rọ́bà tá à ń fi ọ̀pá gbá bíi bọ́ọ̀lù, wọ igun tiwa, ó ń ra mọ́ ògiri bọ̀ lọ́dọ̀ mi, mo wá ń gbọ́ síkéètì ẹnì kan tó ń ha yìnyín lẹ́yìn mi, ṣáá, ṣáá, àyà mi já, mi ò wẹ̀yìn, mi ò wo iwájú, mo di ọ̀pá mú gírígírí mo sì gbọn pọ́ọ̀kì yẹn nù gba iwájú góòlù ara wa kọjá. Ẹnu ọ̀pá ẹni tá à ń bá gbá ló lọ balẹ̀ sí. Kò lo agbára kankan tó fi tì í wọlé.

Ẹnikẹ́ni ò bá mi wí nínú yàrá tá a ti ń pààrọ̀ aṣọ. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Mo jókòó sínú mọ́tò, mo ń dúró kí ẹ́ńjìnnì gbóná, mo wá ń bi ara mi pé kí ló dé tó jẹ́ pé gbogbo ohun tí mo mọ̀ tí mo bá wà nílé, tí pọ́ọ̀kì bá ti dé ọwọ́ mi báyìí ó máa fò lọ. Ohun tí mo ṣe láti ọjọ́ yẹn títí sáà fi parí lóṣù kẹta ni mo fẹ́ sọ, bóyá á wúlò fún ẹlòmíì, kódà kó jẹ́ bọ́ọ̀lù ẹsẹ̀ lẹ̀ ń gbá ní tiyín.

Fún ẹni tí ò tíì rí i rí: èèyàn mẹ́fà mẹ́fà ló máa ń wà lórí yìnyín, gólì kan àti àwọn márùn-ún tó ń sá kiri. Rọ́bà líle ni pọ́ọ̀kì, ó rí roboto, ó fẹ̀ tó ínṣì 3, ó nípọn tó ínṣì 1. Pápá tí wọ́n ń lò ní NHL, líìgì họ́kì tó ga jù ní Kánádà àti Amẹ́ríkà, gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 200, ó fẹ̀ ní 85, ògiri yí i ká, gíláàsì sì wà lórí ògiri náà, torí náà pọ́ọ̀kì kì í ṣàdédé jáde bíi bọ́ọ̀lù kí èèyàn wá rójú mí. Ní ìpele tiwa wọn ò gbà ká máa fi ara kọlu ara wa, ṣùgbọ́n eré yẹn nìkan tó láti dẹ́rù ba ẹni tí wọn ò bí sórí yìnyín. Ìbàdàn ni mo dàgbà sí. Yìnyín tí mo mọ̀ ni èyí tó ń bá òjò rọ̀ tá a máa ń sáré ṣà lórí ilẹ̀ nígbà tá a wà lọ́mọdé. Ọmọ ọdún 34 ni mí kí n tó wọ síkéètì fún ìgbà àkọ́kọ́, torí ọmọ mi obìnrin fẹ́ kọ́ ọ, mi ò sì fẹ́ máa dúró síta wò ó.

Bàbá kan wà nínú tíìmù wa, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, láti kékeré ló ti ń gbá a. Orúkọ ìnagijẹ ni gbogbo wọn ń pè é, èmi náà máa ń pè é bẹ́ẹ̀ torí bẹ́ẹ̀ ni tiwọn níbí, ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi bàbá ni mò ń pè é. Mi ò rí i kó sáré rí, síbẹ̀ pọ́ọ̀kì kì í sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, mo ní kó jọ̀ọ́ kó sọ ohun tí mò ń ṣe tí ò dáa fún mi, kó má wojú mi. Ó ní ìgbà tí pọ́ọ̀kì bá dé ọwọ́ mi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ibi tí màá gbé e sí, ó sì ti pẹ́ nígbà yẹn, kó tó dé ni kí n ti mọ ibi tó ń lọ. Ó ní kì í ṣe pé òun nígboyà jù mí lọ, pé òun kàn ti wẹ̀yìn ni.

Kí n má parọ́, èrò mi tẹ́lẹ̀ ni pé ìfarabalẹ̀ jẹ́ ìwà, pé àwọn kan ni Ọlọ́run dá a mọ́. Irọ́ ni. Ẹni tó bá ti mọ ibi tí gbogbo èèyàn wà ló ń fara balẹ̀, torí kò sí ohun tó máa ká a mọ́.

Nílé ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo ra bọ́ọ̀lù pákó kékeré kan, mo ń fi ọ̀pá darí rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì nínú yàrá ìsàlẹ̀ ilé, ọmọ mi á dúró sí iwájú mi á máa na ìka sókè, mẹ́ta, márùn-ún, ẹyọ kan, èmi á máa pe iye tó nà. Tí mo bá wo ilẹ̀ pẹ́nrẹ́n báyìí ó máa ti yí i padà, á ní "Dádì, ẹ ti pẹ́, mo ti yí i!" Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bọ́ọ̀lù ń bọ́ lọ́wọ́ mi ṣáá. Nígbà tó fi máa di Kérésì, mo lè wo ojú ẹ̀ kí n máa bá a sọ̀rọ̀ ilé ìwé rẹ̀ tí bọ́ọ̀lù sì ń lọ tó ń bọ̀. Ó wá sọ ọ́ di ohun tó le, ó ń dúró sẹ́yìn mi, tó fi jẹ́ pé mo ní láti bojú wẹ̀yìn lé èjìká kí n tó rí ìka rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ló ronú kan ìyẹn fúnra ẹ̀ o, mi ò kọ́ ọ. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wọ̀ mí lára.

Ọwọ́ ló kàn. Mo kíyè sí i pé tí ẹ̀rù bá bà mí, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi ń fún ọ̀pá bí ẹni ń fún aṣọ tútù, tí ọwọ́ bá sì ti le báyẹn, pọ́ọ̀kì tó bá kan ọ̀pá máa ta padà ni, kò ní dúró. Ẹ wo ẹni tó mọ àmàlà rò dáadáa, kì í fún omorogùn lọ́rùn, ó dì í mú o, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ dẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi kókó. Nínú họ́kì, ọwọ́ òkè ló ń di ọ̀pá mú, ti ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ rọ̀ débi pé ọ̀pá lè máa yọ́ lọ yọ́ bọ̀ nínú ẹ̀. Mo wá ń lo ọwọ́ ìsàlẹ̀ yẹn bí ohun tó ń sọ fún mi bí ara mi ṣe wà, tó bá ti ń ro mí, mo mọ̀ pé ẹ̀rù ti ń bà mí nìyẹn kí ọpọlọ mi tó mọ̀, mo sì máa ń mí síta.

Mímí yẹn náà, orí bẹ́ǹṣì ni mo ti ń ṣe é. Lórí yìnyín, kò yẹ kéèyàn lò ju bí ìṣẹ́jú àáyá 45 lọ kó tó jáde fún ẹlòmíì, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ṣífìtì. Èmi máa ń lò tó ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ tẹ́lẹ̀, mo rò pé mò ń ran tíìmù lọ́wọ́, àṣé ìgbà tó bá ti rẹ̀ mí tán ni gbogbo ìpinnu burúkú mi ń wáyé. Ẹni tó ti rẹ̀ kì í rí nǹkan. Mo wá ń jáde kíákíá, tí mo bá ti jókòó màá fa afẹ́fẹ́ sí imú dé orí 4, màá mí i síta díẹ̀díẹ̀ dé orí 6, ẹ̀ẹ̀mẹta, lẹ́yìn náà kí n tó mu omi. Tí mo bá ṣe ìyẹn tán ni mo máa ń wo ẹgbẹ́ kejì, ta ló ń sá wá síwájú jù, ọwọ́ wo ló fi ń gbá, ṣé ó máa ń yára yí padà.

Oúnjẹ náà wà níbẹ̀, kí n sọ ọ́ kíá. Mo máa ń jẹ ẹ̀bà ní aago 9 kí n tó jáde, mo sì máa ń dé pápá nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo gbé oúnjẹ lọ sí aago 6, mo sì ń tètè dé. Ìyàtọ̀ rẹ̀ pọ̀.

Ohun tó tún ràn mí lọ́wọ́ ni pé mo dín ohun tí mo ní láti yàn kù. Tí pọ́ọ̀kì bá bá mi ní ẹ̀yìn tiwa, ohun mẹ́ta péré ni mo fàyè gbà: tí ẹnikẹ́ni ò bá sún mọ́ mi, màá gbé e rìn. Tí ẹnì kan bá ń bọ̀, difẹ́ńdà kejì tàbí wíńgà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ló ni ín. Tí mi ò bá rí ẹnikẹ́ni, kó gba ara gíláàsì jáde kọjá ìlà búlúù tó pààlà ẹ̀yìn tiwa, ó parí. Àárín, iwájú góòlù wa, mo ti pa á rẹ́ nínú ìwé mi. Mo mọ̀ pé àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá gan-an máa ń gba àárín jáde, ṣùgbọ́n èmi ò tíì dé ibẹ̀.

Ohùn wá ń kọ́? Èmi ni mo máa ń dákẹ́ jù nínú tíìmù, torí mo rò pé tí mo bá ń pariwo wọ́n á ní mò ń ṣe bí ọ̀gá. Bàbá yẹn ló ní kí n la ẹnu. Tí pọ́ọ̀kì bá wà lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ tí ẹnikẹ́ni ò sún mọ́ ọn, wọ́n máa ń pariwo "Time!" fún un, pé àyè wà, kó má kánjú. Tí ẹnì kan bá ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n á ní "Man on!" Ọ̀rọ̀ kékeré ni, àmọ́ ojú kejì ni fún ẹni tó wà nídìí pọ́ọ̀kì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Yorùbá máa gbádùn èyí. Ọkùnrin kan wà tó gbá fún Calgary Flames, tíìmù NHL ti ìlú wa níbí, láti 1996 títí di 2013, Jarome Iginla ni wọ́n ń pè é, ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, Adékúnlé wà nínú orúkọ rẹ̀, Iginla tó jẹ́ orúkọ ìdílé rẹ̀ sì ni Igi Ńlá. Àwọn èèyàn ibí ò mọ̀ ọ́n pè, "Iggy" ni wọ́n gé e sí. Nọ́ńbà 12 rẹ̀, wọ́n ti gbé e kọ́ sókè ní 2019, ẹlòmíì ò ní wọ̀ ọ́ mọ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù kejì 2010, Kánádà àti Amẹ́ríkà ń gbá àṣekágbá Òlíḿpíìkì ní Vancouver, 2 sí 2, wọ́n ti wọ àfikún àsìkò, pọ́ọ̀kì wà lẹ́sẹ̀ Iginla lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, difẹ́ńdà kan ti dì mọ́ ọn, ó ń ṣubú lọ. Sidney Crosby, tí wọ́n jọ ń gbá fún Kánádà, pariwo "Iggy!" Ohùn yẹn ló gbọ́, ó ta pọ́ọ̀kì síbi tí ohùn ti wá, Crosby sì ta á wọlé. Mo ti wo fídíò yẹn àìmọye ìgbà ní sáà yẹn. Igi Ńlá ń wó lọ, ọwọ́ rẹ̀ ò sì gbọ̀n.

Ìbínú náà wà nínú ìpayà, ẹ má jẹ́ kí n fo ìyẹn. Lóṣù kìíní, ẹnì kan fi ọ̀pá gbá mi lọ́rùn ọwọ́, ní ibi tí ìbọ̀wọ́ ò bò, ó ta mí dé ọpọlọ. Rẹfirí ò rí i. Ẹni tó bá dá a padà ni rẹfirí sábà máa ń rí, ìṣẹ́jú 2 nínú àpótí ìjìyà nìyẹn, kí àwọn yòókù máa fi èèyàn kan dín gbá nítorí rẹ. Mo yí ẹ̀yìn sí i, mo lọ dúró síwájú góòlù wa. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti sọ ọ́ di àṣà, ohun yòówù tó bá ṣẹlẹ̀, àṣìṣe mi ni o, ìwọ̀sí ẹlòmíì ni o, ẹsẹ̀ mi á kọ́kọ́ gbé mi lọ síwájú góòlù. Ara máa ń ríṣẹ́ ṣe, ọkàn á wá tẹ̀ lé e.

Ìdánwò rẹ̀ dé lóṣù kejì. Àwa la wà níwájú, 3 sí 2, ó ku bí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, wọ́n ti yọ gólì wọn kí wọ́n lè fi èèyàn mẹ́fà sá wá bá wa. Wọ́n ta pọ́ọ̀kì wọlé, ó gba ara ògiri yí wá sí ẹ̀yìn góòlù wa, èmi ni mo sún mọ́ ọn jù. Kí n tó débẹ̀ mo wo èjìká òsì, mo wo ọ̀tún. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń bọ̀, láti òsì. Bàbá pariwo "Time!" Mo gba pọ́ọ̀kì, mo dúró sẹ́yìn àwọ̀n. Mo dúró o, bí ẹni tó ń dúró de dáńfó, torí àwọ̀n wà láàárín èmi àti ẹ̀, ibi tó bá gbà ni màá gba òdìkejì. Ọwọ́ ìsàlẹ̀ mi rọ̀. Nígbà tó gba òsì, mo gba ọ̀tún jáde, wíńgà wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo tẹ̀ ẹ́ sí i lọ́pàá, jẹ́jẹ́. Góòlù tí kò sí gólì níbẹ̀ wà lọ́ọ̀ọ́kán, ó wu ẹnikẹ́ni kó ta á láti ibẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ta á láti ẹ̀yìn ìlà pupa àárín tí ò sì wọlé, tó kọjá ìlà góòlù wọn, áísìn ni, wọ́n á dá a padà wá sí iwájú wa. Ó gbé e rìn kọjá ìlà pupa kó tó ta á. Kò wọlé, ó lọ sí igun wọn lọ́hùn-ún, àkókò sì tán síbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì rẹ̀, mo tún sọ pọ́ọ̀kì nù. Àárín géèmù ni, mo ti pẹ́ jù nínú ṣífìtì yẹn, mi ò bojú wẹ̀yìn, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi wọ́ọ́rọ́. Mo sáré padà síwájú góòlù, mo gbé ọ̀pá ẹnì kan sókè kó má bàa rí i tì, gólì wa bò ó mọ́lẹ̀. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ kàn mí lójúgun lẹ́ẹ̀mejì, gbà, gbà. Mo mí síta, mo wo èjìká òsì, mo wo ọ̀tún, rẹfirí sì tún ju pọ́ọ̀kì sílẹ̀.