Ẹ wọn pàǹtí kẹ́ ẹ tó wàásù: bí a ṣe ń dá ẹgbẹ́ kékeré sílẹ̀ tó ń kọ́ àdúgbò nípa àyíká

Ìgbà àkọ́kọ́ tí èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi dá irú ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, nǹkan tá a kọ́kọ́ ṣe ni pé a tẹ tíṣẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn ẹ̀ a tẹ bánà, a yá máíìkì, a pe èèyàn jọ, mo sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí kan gbáko lórí bí ayé ṣe ń gbóná, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, a ya fọ́tò, kálukú bá tiẹ̀ lọ. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, gọ́tà tá a gbá mọ́ lọ́jọ́ yẹn ti kún padà, ìgò omi tá a pín fáwọn tó wá gbọ́rọ̀ mi ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ojú tì mí o. Ẹnu dùn-ún ròfọ́ lóòótọ́. Torí náà, bá a ṣe ṣe é lẹ́ẹ̀kejì ni mo fẹ́ sọ fún yín, èyí tó ṣiṣẹ́, tí ò sì gba owó tó tíṣẹ́ẹ̀tì wọ̀nyẹn rárá.

Àkọ́kọ́, èèyàn àti ibi tẹ́ ẹ ti máa ṣe é. Èèyàn 5 sí 7 ti tó, ẹ má wá 50. Ẹ wá àgbàlagbà kan tó mọ gbogbo ilé tó wà ládùúgbò, ẹ wá tíṣà kan, ẹ wá ẹnì kan tó fẹ́ràn àtimáa kọ nǹkan sílẹ̀, àti ẹnì kan tó mọ iṣẹ́ ọgbà. Tí ẹni tó ń ṣa ike àti irin tà bá sì wà ládùúgbò yín, òun gan-an ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ bá, torí kò sẹ́ni tó mọ pàǹtí ibẹ̀ tó o, ó mọ ilé tí ìgò ti ń jáde, ó mọ ọjọ́ tí páálí máa ń pọ̀, síbẹ̀ òun náà lọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń wò bíi pé kò sí níbẹ̀. Ní ti ibi, ẹ mú òpópónà méjì, tàbí ilé ìwé kan, ibi tẹ́ ẹ lè fẹsẹ̀ rìn yí ká láàárín 20 mínìítì. Orúkọ ẹgbẹ́ àti lógò lè dúró ná.

Ìkejì ni ìdí tí mo fi ń kọ gbogbo eléyìí: ẹ wọn pàǹtí. Ẹ bẹ ilé 10 pé kí wọ́n máa tọ́jú pàǹtí wọn fún yín fún ọ̀sẹ̀ kan, kẹ́ ẹ máa gbà á ní ìrọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ da á sórí tapólì, kẹ́ ẹ ṣà á sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: nǹkan tó ń jẹrà (èèpo èso, ewé, àjẹkù), ike àti ọ̀rá, bébà àti páálí, irin àti agolo, ìgò, àtàwọn tí ò bọ́ sí ìkankan nínú ìwọ̀nyí. Ẹ gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí sìkéèlì, ẹ kọ kílò ẹ̀ sínú ìwé. Ìbọ̀wọ́ tó nípọn, bàtà tó bo ẹsẹ̀, kò sí àríyànjiyàn lórí ìyẹn. Bátìrì, abẹ́rẹ́, oògùn àti ike kẹ́míkà, ẹ yà wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àgbàlagbà nìkan ni kó fọwọ́ kàn wọ́n, ẹ má sì kó ọmọdé wá síbi ṣíṣà yìí rárá. Àti pé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ orúkọ onílé sára ohunkóhun, torí pàǹtí máa ń tú àṣírí èèyàn ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, oògùn tó ń lò, gbèsè tó jẹ, ìgò tó mu, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ fún ilé kọ̀ọ̀kan.

Àwọn kan á ní kí lèyí wà fún, ṣé kì í ṣe ká kàn gbá a mọ́ ni? Ẹ wo àwọn tó ṣe é rí. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ gbígbá etíkun mọ́ ní Texas, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1986, èyí tó padà di iṣẹ́ ọdọọdún ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, wọn ò kàn ṣa pàǹtí jù sínú àpò, gbogbo nǹkan tí wọ́n bá mú nílẹ̀ ni wọ́n ń fàmì sí lórí káàdì, ìyẹn ló jẹ́ kí ayé mọ̀ pé àmukù sìgá ni wọ́n ń rí jù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní Estonia, orílẹ̀-èdè kékeré kan ní Yúróòpù, lọ́dún 2008, èèyàn bíi 50,000 jáde lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọ́n kó nǹkan bíi 10,000 tọ́ọ̀nù pàǹtí kúrò nínú igbó àti létí ọ̀nà. Ọjọ́ kan yẹn ni gbogbo èèyàn máa ń sọ, àmọ́ kó tó di ọjọ́ náà, ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n fi ń wá ibi tí wọ́n ń da pàǹtí sí kiri, tí wọ́n ń fàmì sí i lórí máàpù, ibi tí wọ́n sì rí lé ní 10,000. Iṣẹ́ náà ti parí lórí bébà kí ẹnikẹ́ni tó gbé ṣọ́bìrì.

Tẹ́ ẹ bá ti rí kílò yín, ẹ mú ìṣòro kan, ẹyọ kan péré. Tó bá jẹ́ ike lẹ fẹ́ mú, ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ yín, ẹ bi í léèrè irú ike tó ń fẹ́ (ẹ wo nọ́ńbà tó wà nínú àmì onígun mẹ́ta lábẹ́ ike, 1 ni ti ìgò omi àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò, 2 sábà máa ń jẹ́ ti ike ọṣẹ olómi), ẹ bi í bóyá ó fẹ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́. Mo mọ ẹgbẹ́ kan tó kó ike jọ fún oṣù méjì kó tó wá ẹni tó máa gbà á, kò rẹ́nì kankan, eku wọ inú ẹ̀, ẹ̀fọn ń pamọ síbẹ̀, àwọn ará àdúgbò bá ní kí wọ́n kó ọgbọ́n wọn kúrò níbẹ̀. Ẹ ò lè dá wọn lẹ́bi.

Ní tiwa, nǹkan tó ń jẹrà ló wúwo jù lórí sìkéèlì, ó sì ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀yin náà. Èèyàn máa ń rò pé nǹkan yẹn ò lè ṣe nǹkan kan, ṣebí á jẹrà náà ni. Àmọ́ tí wọ́n bá rì í mọ́ inú òkìtì ààtàn ńlá níbi tí afẹ́fẹ́ ò dé, gáàsì methane ló máa ń mú jáde, gáàsì yìí sì ń di ooru mú ní bíi ìlọ́po 28 ti carbon dioxide (gáàsì tó ń jáde nínú èéfín ọkọ̀) téèyàn bá fi 100 ọdún ṣírò ẹ̀. Tí afẹ́fẹ́ bá dé ibẹ̀ dáadáa, ajílẹ̀ ló máa dà. Nǹkan kan náà o, afẹ́fẹ́ nìkan ni ìyàtọ̀.

Bí a ṣe ń ṣe ajílẹ̀ ọ̀hún rèé. Ẹ wá igun kan tí omi kì í dúró sí, tí òòrùn ò ti mú jù, kó jẹ́ orí ilẹ̀ lásán, kì í ṣe orí sìmẹ́ǹtì, kí ekòló lè ráyè gòkè. Ẹ fi pákó tàbí wáyà ṣe ọgbà kékeré tó fẹ̀ ní mítà 1, tó gùn ní mítà 1, tó ga ní mítà 1, tó bá kéré sí ìyẹn kì í gbóná bó ṣe yẹ. Ẹ̀ka igi wẹ́wẹ́ ni kẹ́ ẹ tẹ́ sísàlẹ̀ pátápátá kí atẹ́gùn lè máa wọlé, kẹ́ ẹ wá máa tò ó lé ara wọn, gbígbẹ lórí tútù, tútù lórí gbígbẹ. Gbígbẹ ni ewé tó ti wọ́, páálí tẹ́ ẹ ya wẹ́wẹ́, koríko gbígbẹ. Tútù ni èèpo èso, ewébẹ̀, koríko tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Garawa 2 sí 3 ti gbígbẹ sí garawa 1 ti tútù. Omi inú ẹ̀, kó dà bíi kànrìnkàn tẹ́ ẹ ti fún omi ẹ̀ kúrò. Ẹran, ẹja, òróró, ìgbẹ́ ajá tàbí ológbò, rárá o, eku àti àrùn ló máa ń pè wá.

Láàárín ọjọ́ bíi mélòó kan, inú ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ó lè dé 55 sí 65 lórí ìwọ̀n Celsius. Ẹ ti ọ̀pá irin bọ àárín ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún mínìítì 10, ẹ fà á yọ, ẹ ní kí ọmọ kan rọra fọwọ́ kàn án. Á kígbe. Àwọn yòókù á tò sẹ́yìn, wọ́n á fẹ́ fọwọ́ kan tiwọn, ìbéèrè á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ta ló dáná sínú ẹ̀, kí ló ń jó níbẹ̀, ẹ̀yin á sì wá ráyè sọ̀rọ̀ àwọn nǹkan tín-tìn-tín tí ojú ò lè rí tó ń jẹun níbẹ̀. Wákàtí kan tí mo fi máíìkì sọ̀rọ̀ kò mú ìbéèrè ẹyọ kan wá o. Tó bá ń rùn, omi ẹ̀ ti pọ̀ jù nìyẹn, ẹ da nǹkan gbígbẹ sí i kẹ́ ẹ fi fọ́ọ̀kì ọgbà yí i po. Tí ò bá gbóná, ẹ fi tútù àti omi díẹ̀ kún un. Ẹ máa yí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù àkọ́kọ́. Ní bíi oṣù 3 sí 6, á dúdú, á máa rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, kẹ́ ẹ wá pín in padà fún àwọn ilé 10 tó kó pàǹtí fún yín.

Ní ti ẹ̀kọ́ fúnra ẹ̀: lọ́dún 1977, UNESCO àti UNEP, àjọ méjì lábẹ́ Àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé, ṣe ìpàdé ńlá kan nílùú Tbilisi ní Georgia lórí ẹ̀kọ́ nípa àyíká, nǹkan 5 ni wọ́n sì ní kó máa fún èèyàn, kójú ẹ̀ là, kó ní ìmọ̀, kọ́rọ̀ náà ká a lára, kó mọ nǹkan án fọwọ́ ṣe, kóun náà sì dá sí i. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwa ẹlẹ́gbẹ́ kì í kọjá ìlanilójú. Fáwọn ọmọdé, ẹ dán eléyìí wò: ẹ gbẹ́ ihò 5, ẹ ri èèpo èso, bébà, àkísà aṣọ òwú, ọ̀rá àti àmukù sìgá tẹ́ ẹ fúnra yín fi ìbọ̀wọ́ mú, ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ihò tiẹ̀, ẹ ri igi mọ́ ọn fún àmì, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ èyí tó rò pé ó máa pòórá sílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 8 ẹ hú u. Ti àmukù sìgá ló máa ń ya àwọn òbí gan-an lẹ́nu, torí òwú ni wọ́n rò pé ó jẹ́, irú ike kan sì ni.

Fáwọn àgbà, ẹ má bú ẹnikẹ́ni pé ó dọ̀tí. Ẹ bi í ìdí tó fi ń da pàǹtí síbẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà ẹ máa gbọ́ pé ọkọ̀ akólẹ̀ kì í wá, tàbí pé ibi tí wọ́n gbé àpótí ìdalẹ̀nù sí ti jìnnà jù, kì í ṣe ìwàásù ló máa tún ìyẹn ṣe, ẹ kó ìwé kílò yín lọ bá àwọn aláṣẹ. Ẹni tó mú nọ́ńbà dání ni wọ́n máa ń fún lága jókòó.

Owó, kíákíá: kí èèyàn méjì máa fọwọ́ sí i, kí rìsíìtì wà fún gbogbo nǹkan, kẹ́ ẹ lẹ iye tó wọlé àti iye tó jáde mọ́ ibi tí gbogbo èèyàn ti máa rí i lóṣooṣù. Tó bá ti ń pọ̀, ẹ lọ forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ bí òfin ibi tẹ́ ẹ wà ṣe sọ. Ọmọdé kankan ò gbọ́dọ̀ dá wà pẹ̀lú àgbà kan ṣoṣo, ẹ má sì gbé fọ́tò ọmọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìjẹ́ pé òbí ẹ̀ gbà.

Igi ńkọ́? Gbogbo èèyàn ló fẹ́ gbìngi. Ẹ má gbin ju iye tẹ́ ẹ lè bomi rin lọ. Wangari Maathai tó dá ẹgbẹ́ agbingi Green Belt Movement sílẹ̀ ní Kenya lọ́dún 1977, tó sì gba ẹ̀bùn àlàáfíà Nobel lọ́dún 2004, àwọn obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ máa ń gba owó díẹ̀ lórí igi tó bá yè. Èyí tó kú ò lówó.

Lẹ́yìn oṣù 3, ẹ padà sí ilé 10 yẹn pẹ̀lú sìkéèlì kan náà, ẹ wọn gbogbo ẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe wọ̀n ọ́n lákọ̀ọ́kọ́. Ní tiwa, nǹkan tó ń jẹrà ti lọ sílẹ̀ dáadáa, ike ò yí padà rárá. A kọ méjèèjì sórí páálí kan náà, a gbé e kọ́ síta. Ìyá kan tí ò tíì bá wa dá sí nǹkan kan rí dúró níwájú ẹ̀ títí, ó wá bi wá pé ta ló máa wá bójú tó ti ike báyìí. A gbé sìkéèlì lé e lọ́wọ́.