Bí a ṣe ń mú kí CPU tètè kó àwòrán lọ sínú mẹ́mọ́rì fídíò

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ àtijọ́ wá bá mi ní Àgbowó máa ń sọ pé: "Ẹ̀gbọ́n, káàdì fídíò yìí ti bàjẹ́, ẹ bá mi wá òmíràn." Bí wọ́n bá fa fèrèsé kan lójú ẹ̀rọ náà, ńṣe ni yóò máa wọ́ tẹ̀lé ọwọ́ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó náwó sí káàdì, ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí CPU, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ, ń gbà kó ẹrù ránṣẹ́ sí mẹ́mọ́rì fídíò, ìyẹn mẹ́mọ́rì tí káàdì ń lò fún àwòrán ojú ẹ̀rọ. Ó ń dùn mí bí ọmọ èèyàn bá fi owó oúnjẹ ra káàdì, tí ẹ̀rọ ò sì yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ wo awakọ̀ Micra ní Mọ́kọ́lá. Bó bá gbé èrò kan ṣoṣo lọ sí Dùgbẹ̀, tó já a sílẹ̀, tó tún padà wá gbé ẹnì kejì, ilẹ̀ á ṣú kó tó kó èrò mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tó fi ń dúró kí ọkọ̀ kún. Bí a kò bá pàṣẹ fún CPU, bíi ti awakọ̀ tí kì í dúró ló ṣe ń ṣe sí mẹ́mọ́rì fídíò: báìtì mẹ́rin péré, ó ti gbéra. Dídúró kí ọkọ̀ kún yìí ni wọ́n ń pè ní write-combining. CPU tí wọ́n ń pè ní Pentium Pro, tó jáde ní 1995, ló mú MTRR wá, ìyẹn àwọn rẹ́jísítà (àyè kékeré inú CPU) tí a fi ń sọ fún CPU bí yóò ṣe máa lo abala mẹ́mọ́rì kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ tirẹ̀ ń gba báìtì 32. Ti Pentium 4 ń gba 64.

Linux ni mo ń lò fún iṣẹ́ yìí. Ẹ wọlé bíi root, ìyẹn ọ̀gá tó láṣẹ lórí gbogbo ẹ̀rọ náà.

Ẹ kọ́kọ́ wọn ìyára rẹ̀. Bó bá jẹ́ vesafb, ìyẹn dráífà àwòrán kan nínú Linux, ló ń gbé àwòrán jáde, ẹ tẹ:

dd if=/dev/zero of=/dev/fb0 bs=64k

Ojú ẹ̀rọ yóò ṣú, yóò sì sọ pé kò sí àyè mọ́. Ẹ má fòyà, mẹ́mọ́rì fídíò ló kún. Ẹ kọ iye ìyára tó wà ní ìparí sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ lspci -v, kí ẹ wá ibi tó ti dárúkọ VGA, ìyẹn káàdì fídíò. Ẹ ó rí ohun tó jọ èyí:

Memory at e0000000 (32-bit, prefetchable) [size=16M]

e0000000 ni àdírẹ́sì, 16M ni ìwọ̀n. Ẹ fara balẹ̀ níbí. Èyí tí wọ́n kọ prefetchable sí nìkan ni ti wa. Bí ẹ bá rí non-prefetchable, ó sábà máa ń jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń pàṣẹ fún káàdì náà fúnra rẹ̀. Àṣẹ gbọ́dọ̀ dé lẹ́sẹẹsẹ. Bí ẹ bá kó wọn pọ̀ sínú ọkọ̀ kan, ẹ̀rọ lè kú dúró.

Ẹ tẹ cat /proc/mtrr. Bí àdírẹ́sì yín bá ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú write-combining, iṣẹ́ ti parí. Láti ìgbà Pentium III, PAT náà wà, tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà láìfi ara hàn nínú MTRR, nítorí náà ẹ wo /sys/kernel/debug/x86/pat_memtype_list pẹ̀lú. Bó bá ti wà níbẹ̀, ẹ fi káàdì sílẹ̀, kí ẹ lọ wo RAM.

Bí kò bá sí níbì kankan, ẹ tẹ:

echo "base=0xe0000000 size=0x1000000 type=write-combining" > /proc/mtrr

Ẹ fi àdírẹ́sì àti ìwọ̀n tiyín rọ́pò tèmi (0x1000000 ni 16MB). Ìwọ̀n gbọ́dọ̀ jẹ́ 1, 2, 4, 8, 16MB, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì, ìwọ̀n yìí sì gbọ́dọ̀ pín àdírẹ́sì náà láìṣẹ́kù. Bí dmesg, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tí Linux ń sọ, bá sọ pé "type mismatch", BIOS, ètò tó ń jí ẹ̀rọ, ti fi irú mìíràn bo ibẹ̀. Ẹ wọ inú BIOS. Àwọn bọ́ọ̀dù kan ní Video Memory Cache Mode, ẹ yí i láti UC (tí kì í dúró) sí USWC (tó ń dúró kí ọkọ̀ kún).

Ẹ tún dd ṣe, kí ẹ fi iye tuntun wé ti àkọ́kọ́. Bí ojú ẹ̀rọ bá ń ṣe ségesège, ẹ wo nọ́ńbà reg tó jẹ́ tiyín nínú /proc/mtrr. Bó bá jẹ́ reg02, ẹ tẹ echo "disable=2" > /proc/mtrr, yóò padà sí bó ṣe wà.

Bí iná bá lọ, gbogbo rẹ̀ á pa rẹ́, ẹ sì mọ bí iná Ìbàdàn ṣe rí. Nítorí náà, ẹ kọ àṣẹ echo tó ní base yẹn sínú /etc/rc.local, fáìlì tí àwọn Linux kan máa ń ṣe bí ẹ̀rọ bá ń jí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ eré orí kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ kù fún yín. Kíkọ nìkan ni write-combining ń mú yára. Kíkà láti inú mẹ́mọ́rì fídíò ṣì ń falẹ̀ gan-an. Ẹ ya àwòrán tán nínú RAM lásán, báìtì 960,000 fún 800 × 600 tó ní àwọ̀ bíìtì 16, kí ẹ wá dà á sínú mẹ́mọ́rì fídíò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ẹ bá ń fò síbí, tí ẹ ń fò sọ́hùn-ún, ọkọ̀ á máa gbéra láìkún.