Kẹ́ ẹ tó ra AC sí ṣọ́ọ̀bù onípáànù

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù onípáànù n'Íléṣà níbí, kẹ́ ẹ tó kówó lé AC tàbí fáànù ńlá, ẹ kọ́kọ́ wá ọ̀nà tí ooru máa gbà jáde lókè. Páànù yẹn ni ìdí ọ̀rọ̀: tó bá fi máa di aago méjì ọ̀sán, ẹ na ọwọ́ sókè sún mọ́ ọn, ńṣe ló máa ń ta bí ẹnu ààrò, ooru sì máa ń gòkè ni, tí ò bá ríbi jáde á há síbẹ̀, fáànù tẹ́ ẹ bá tàn á kàn máa fẹ́ ooru yẹn padà sí yín lára ni torí fáànù kì í sọ afẹ́fẹ́ di tútù. Ẹ jẹ́ kí bíríkìlà lu ihò sára ògiri méjì tó kọjú síra, lókè níbi tó ti fẹ́ kan páànù, kẹ́ ẹ ta nẹ́ẹ̀tì sí i, kẹ́ ẹ wá kun ẹ̀yìn páànù níta, níbi tó kọjú sóòrùn, ní ọ̀dà funfun, torí funfun máa ń dá oòrùn padà. Lẹ́yìn ìyẹn, fáànù onídùúró kan tó ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 60 á ṣe é, AC hp 1 lè jẹ tó wáàtì 750, ẹ wo epo jẹnẹrétọ̀ tíyẹn máa fà! Ṣùgbọ́n nígbà ọyẹ́, eruku á máa gba ihò yẹn wọlé, ẹ̀yin télọ̀ tẹ́ ẹ ń rán aṣọ funfun, ẹ wá pátákó tẹ́ ẹ máa fi dí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sítòsí ihò yẹn o, èéfín ẹ̀ ń pààyàn.